Ìhágún Ìyá tó Mọ Ogójì Eku Lójú

Èmi, Sìlífátù Àbẹ̀kẹ́ Akínbọ̀dé, opó, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí mo ń gbé ní Addo ní Ajah, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́yà Ọmọ́wùnmí ló ń kọ ọ́, torí n kò mọ̀wé. Mo mọ ohun tí mo ní, mo mọ ọmọ tí mo bí, mo sì mọ ẹni tó ń dúró de ikú mi. Bí èyí kì í bá ṣe ọpọlọ pípé, kí ẹnì kan wá fi èyí tó pé hàn mí.

Lọ́yà ní gbólóhùn kan péré ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ máa ń jẹ́ nínú ìhágún àwọn ẹlòmíràn. Tèmi gbọ́dọ̀ gùn. Habeeb ọmọ mi ní ìwé kan lọ́wọ́ tó ní ọpọlọ mi ti ń lọ, ó sì ti búra pé ìwé náà lòun yóò gbé lọ sí kóòtù láti fagi lé ìhágún yòówù tí mo bá ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìwé náà ṣe délé ayé.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní láàbù tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ọpọlọ, ní yunifásítì aládàáni kan lọ́nà Ìbẹ̀jú. Èmi àti Lateef là ń tọ́jú ilé eku. À ń fún wọn lóúnjẹ, à ń pààrọ̀ ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń sùn lé, à ń kó ìgbẹ́ wọn. Àwọn tó wọ kóòtù funfun ń wo ọpọlọ eku. Àwa ń wo eku.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúdélé, ọ̀gá wọn pátápátá, ní òun ń wá àwọn àgbàlagbà tí òun yóò dán ìrántí wọn wò. Mo ní kó wá dán tèmi wò. Ó fún mi ní pẹ́ńsù, ó ní kí n ya aago. N kò di pẹ́ńsù mú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ohun tí mo yà jọ ẹyin tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí n pe lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. N kò tíì mọ iwájú rẹ̀. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni òní, mo ní ọjọ́ tí à ń fọ àgò ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo kùnà. Ó ṣírò, ó ní ọpọlọ mi ti ń ṣàárẹ̀, ó sì fi ìwé náà lé Habeeb lọ́wọ́, nígbà tó wá fi mọ́tò gbé mi, torí pé Habeeb mọ̀wé kà. Ọmọ mi kò kà á sí mi létí. Ó ká a, ó fi sápò.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun wá wo láàbù, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ní kí gbogbo nǹkan máa dán. Lateef kó ogójì àgò sílẹ̀, ó fi spírítì nù wọ́n títí wọ́n fi ń kọ mànà. Yíǹkì tí spírítì ń fọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ nọ́ńbà eku sára àgò. Gbogbo rẹ̀ pòórá. Ogójì eku funfun, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó ń gba oògùn yàtọ̀ sí èyí tó ń gba omi lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n di orí mú. Ó ní kí Lateef lọ kó ẹrù rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé àga wá fún mi. Mo wá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè sí mi létí lójoojúmọ́. Ìkíní nìyí, òun ló ń gé irin jẹ. Ìkẹrin nìyí, tó ń fẹ̀yìn tì bí baálẹ̀. Ìkọkàndínlógún, tó ń díbọ́n pé òun ń sùn. Ìkejìlélógún, tó ń bínú bí ìyá ọkọ mi. Dókítà Dúródọlá, obìnrin tó kéré jù láàárín wọn, gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Mọ́kàndínlógójì bá ìwé mu. Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n ni kò bá a mu: ìwé ní akọ, èmi ní abo. Wọ́n yí i padà. Abo ni. Oṣù mẹ́jọ gbáko, pẹ̀lú gbogbo dókítà tó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wo abẹ́ ìrù rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni Dúródọlá kojú ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdánwò tí ẹ ṣe fún màmá yìí, ilé ìwé lẹ ń dán wò, kì í ṣe ọpọlọ.” Ó ṣe òmíràn tí kò ní pẹ́ńsù nínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ náà ṣe é. Mo gba máàkì jù ú lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ìwé tuntun, ó fọwọ́ sí i, òun ni Lọ́yà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìhágún yìí. Habeeb ní ti àkọ́kọ́ lòun mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe pín in.

1. Ilé mi ní Addo, yàrá mẹ́fà, mo fi fún Habeeb, tó ń pe ara rẹ̀ ní Samson láti ìgbà tó ti ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì, kó má baà ní ẹlòmíràn la fún. N kò bá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jà. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà kó tó wọlé, ó ń bọ́ ọ. Èmi tí mo bí i, kò bọ́ bàtà wọ yàrá mi rí.

2. Ilẹ̀ mi ní Lakowe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí àwọn olówó ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kéékèèké, mo fi fún Tolúwani, ọmọ Habeeb. Ilẹ̀ yìí ni gbogbo ìjà. Habeeb ti bá àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbé òkúta wá síbẹ̀, èmi sì wà láàyè. Tolúwani ló rí ìwé ọpọlọ nínú mọ́tò bàbá rẹ̀, ló gbé e wá bá mi. Ó ní, “Ìyá àgbà, wọ́n ní ọpọlọ yín ti ń bàjẹ́ o.” Mo ní kó ka ìyókù. Ó kà á tán, kò fi ṣúgà sí i, kò sì sunkún. Ẹni tó bá lè ka ìròyìn burúkú sókè fún ẹni tó ni ín, ó lè mú ilẹ̀ dúró. Kò gbọdọ̀ tà á títí yóò fi pé ọgbọ̀n ọdún.

3. Ewúrẹ́ mi méjèèjì àti rédíò mi, mo fi fún Lateef. Lẹ́yìn tí mo gba iṣẹ́ rẹ̀ là, ó ní kí n fẹ́ òun. Inú ilé eku ló ti sọ ọ́, ó di búrọ́ọ̀ṣì mú lọ́wọ́. Mo ní ọpẹ́ ló ń dá, kì í ṣe ìfẹ́, àti pé ó ń rùn bí eku. Èmi náà ń rùn bí eku. Ó yẹ kí n ti rò ó dáadáa.

4. Aago ògiri mi tó ti kú láti ọdún tí ọkọ mi kú, mo fi fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúdélé. Kó jókòó, kó yà á. Mo ti dárí jì í.

5. Lọ́yà ní òfin kò ka òkú èèyàn sí dúkìá, torí náà ìfẹ́ mi ni mo ń sọ: kí láàbù gba ọpọlọ mi. Kí wọ́n yọ ọ́ kíákíá, kí wọ́n dá ìyókù padà kí wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mo ti bi Álífà, ó ní òun yóò rò ó; ó ti ń rò ó bọ̀ láti ọdún tó kọjá. Kí wọ́n fi ọpọlọ náà sínú ìgò, kí wọ́n kọ orúkọ mi sí i, kì í ṣe nọ́ńbà. Kí wọ́n má ṣe fi yíǹkì tí spírítì ń fọ̀ kọ ọ́. Bí Habeeb bá sì ní ọpọlọ mi kò pé, kí wọ́n mú un lọ síbẹ̀ kó kà á.

6. Dókítà Dúródọlá àti Azeezat, n kò fi nǹkan kan fún wọn. Azeezat, akẹ́kọ̀ọ́ láàbù, ló máa ń dé fìlà onírin mọ́ mi lórí láti gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń sọ, tó ń da nǹkan tó ń yọ̀ bí ilá sórí irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Mo ti ya ẹ̀gbà ọrùn mi sọ́tọ̀ fún ọ̀kan, mo ti ya òòyà mi sọ́tọ̀ fún èkejì. Lọ́yà ní ẹni tó bá jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ yín ni mo nílò. Ẹ̀gbà àti òòyà yóò lọ sọ́dọ̀ Tolúwani. Bó bá sọ wọ́n nù sí láàbù lọ́jọ́ kan, n kò ní mọ̀.

7. Lọ́yà Ọmọ́wùnmí ni kó mú ìhágún yìí ṣẹ, kó má sì bẹ̀rù ariwo Habeeb. Ariwo náà ló fi bẹ̀rẹ̀ ayé.

Wọ́n ti ka gbogbo èyí sí mi létí lédè Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n tún nọ́ńbà eku kan ṣe, wọ́n tún un ṣe. Mo tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún mi sí i ní Addo, Ajah, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Òǹtẹ̀ àtàǹpàkò: Sìlífátù Àbẹ̀kẹ́ Akínbọ̀dé

Àwa ẹlẹ́rìí méjèèjì wà níbẹ̀ nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Kó tó tẹ̀ ẹ́, a ní kó pe ogójì eku náà, tí gbogbo wọn ti kú tipẹ́, pẹ̀lú ìwà ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ó pè wọ́n tán, a sì fi wé ìwé láàbù. Ogójì pé. Ó bú Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúdélé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín. Ìyẹn kò sí nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n èébú kẹta bá ti àkọ́kọ́ mu wẹ́kú.

Dókítà Dúródọlá Adétòkunbọ̀
Azeezat Bọ̀sún