Ìkíni Tó Gbé Ìdí Àkọ̀ Sókè

Ojúlé Kẹrìnlá,
Alibon, Dagenham,
London.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Oyèbánjí,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru iná àgbẹ̀dẹ. Ṣé ara yín le? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé eékún Ìyá ti ń gbọ́ oògùn? Abímbọ́lá àti Wúrà ń kí yín. Àlàáfíà ni wọ́n wà. Èmi nìkan ni ara mi kò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde lórí lẹ́tà yìí lọ wo ojú fèrèsé, n kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ rántí ẹgbẹ́ tí mo sọ fún yín, àwọn tó ń fi idà ṣe eré ogun ayé àtijọ́ àwọn òyìnbó ní Castle Green. Bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ ní Dagenham Dock, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Abímbọ́lá a ní, "Daddy Wúrà, lẹ́yìn twelve-hour shift, idà lẹ tún fẹ́ lọ gbé? Ṣé ẹ okay báyìí?" N kì í bínú. Níbi iṣẹ́, nọ́ńbà ara aṣọ mi ni wọ́n fi ń pè mí. Nínú ẹgbẹ́ yìí, orúkọ mi ni.

Àwọn idà náà, tuntun ni wọ́n, wọ́n kàn rọ wọ́n bíi ti àtijọ́ ni. Ẹnu wọn kò mú rárá. Ẹ óò rò pé wọ́n wúwo. Irọ́ o! Tèmi kò tó kílò kan àtààbọ̀. Iṣu wúwo jù ú lọ. Ọ̀dọ̀ èèkù ni wọ́n kó ìwúwo rẹ̀ sí. Àdá tiyín, iwájú ló ti wúwo. Béèyàn bá ti fì í, á bá tirẹ̀ lọ. Idà yìí, èèyàn ló gbọ́dọ̀ dá a dúró kó tó kan ẹnìkejì. Oṣù méjì gbáko ni mo fi í ṣán igbó kí apá mi tó gbàgbé oko.

Ṣùgbọ́n idà kọ́ ló kó bá mi, àkọ̀ ni. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n dán mi wò, mo ṣe é láìṣìṣe, mo ti idà bọ àkọ̀ ní ìbàdí. Ni Màmá Catherine, àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún tó ń kọ́ wa, bá wá yìn mí. Ẹ mọ bí Bàbá ṣe tọ́ wa. Kí n tó ronú, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọn. Bí orí mi ṣe wálẹ̀ ni ìdí àkọ̀ gbéra lẹ́yìn, ó gbá Seth, tí a jọ ń jà, níbi tó ti lóṣòó ń so okùn bàtà. Ètè rẹ̀ là. Seth ní, "It's calm, bro." Ojú Màmá Catherine ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ ibi tí ìdí àkọ̀ rẹ̀ wà kò lè wọ pápá láàárín ọgọ́ta èèyàn. Kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, lọ́la nìyẹn, fún ìdánwò mìíràn. Bí mo bá fìdí rẹmi, kò sí mi nínú eré Sátidé yìí, Wúrà sì ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀.

Àwọn ará ẹgbẹ́ ní kí n kàn dúró ṣánṣán. Níwájú àgbà? Mo ti fi igi ìgbálẹ̀ há ìbàdí, mò ń bẹ̀rẹ̀, mò ń dìde ní pálọ̀. Mo ti fọ́ ife méjì. Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ tèmi ti tẹ èèkù, ìdí àkọ̀ ni n kò rí mú. Bí mo bá dé lọ́la, n ó parí lẹ́tà yìí.

Ọjọ́bọ̀.

Mo ti dé. Mo jà, mo dá idà dúró, mo tì í bọ àkọ̀. Màmá Catherine wá dúró síwájú mi. Seth ti sá mọ́ ògiri. Mo gbìyànjú láti dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn mi kọ̀. Ni mo bá fi ọwọ́ òsì tẹ àkọ̀ mọ́ itan, mo bẹ̀rẹ̀. Kò gbéra. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbójú sókè. Àfi bí ọwọ́ wọn ṣe kàn mí lẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, bí Bàbá ti máa ń ṣe bí a bá dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "See you Saturday, Máyọ̀kún."

Kò sí ẹni tó kọ́ wọn pé bẹ́ẹ̀ là ń ṣe. Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá, kò sí àgbà tó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn mọ́. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ má sọ fún Ìyá.

Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì bá mi kí Hùmúàní ìyàwó yín àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ láti le,
Máyọ̀kún.