Yàrá Ẹ̀yìn Ilé Ọmọ́níyì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Màmá Dùnmínínú Ọlálérè (1944–2025)

Ẹ̀yin ará Ìgèdè, ẹ̀yin ará Adó, ẹ̀yin ọmọ ìjọ àti ẹ̀yin mùsùlùmí ará ilé wa, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá wà lórí ìdúró, kí ó wá àga. Ìtàn tí àwa ẹbí fẹ́ sọ yìí, ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín gbọ́ rí, ìdajì tí ẹ sì gbọ́ yẹn kọ́ ni ó dùn. Lónìí tí a ń sin olóògbé, a ó sọ ọ́ tán, a kò sì ní sáré.

A bí Màmá Dùnmínínú ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá ọdún 1944, ní ilé Ọmọ́níyì, Ìgèdè-Èkìtì. Bàbá Ọmọ́níyì, bàbá àgbà rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ládùúgbò náà, ó sì le gan-an. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà: Àyọ̀kẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Monínúọlá ọmọ ogún ọdún, àti Ọláoyè tó ṣì kéré. Monínúọlá yìí ni ìyá olóògbé. Ó lóyún nígbà tí kò tíì lọ́kọ, ó sì kọ̀ láti dárúkọ ẹni tó ni oyún náà. Bàbá rẹ̀ tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn kí ojú ìlú má baà tó o. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi bímọ.

Ohun tí ìlú gbọ́ ni pé, bí ó ti bímọ tán, ó gbé ọmọ náà fún Àyọ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bá àwọn oníṣòwò sá lọ sí Góòlù Kóòsì. Bàbá Ọmọ́níyì mú abẹ, ó ha orúkọ rẹ̀ kúrò nínú Bíbélì ilé. Àyọ̀kẹ́ ló gba ọmọ tọ́, òun náà ló sọ ọ́ ní Dùnmínínú. Àwọn ènìyàn bi í pé kí ló dùn mọ́ ọn nínú nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó pọn ọmọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Yàrá ẹ̀yìn kò ṣí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àyọ̀kẹ́ so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí, ó ní ẹrù ọkọ òun ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, kí ilé tó jí tán, olóògbé a máa gbọ́ ohùn Àyọ̀kẹ́ nínú yàrá náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀: “O jíire bí? Òjò rọ̀ lánàá. Ọmọ ń múra iléèwé.” Olóògbé a dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a máa retí kí àlejò náà fèsì.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgèdè ní ọdún 1951. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbádùn. “Ọmọ Góòlù Kóòsì, lẹ́tà ìyá rẹ dé. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́.” Àwọn obìnrin tilẹ̀ ti fi orúkọ Monínúọlá kọrin lẹ́nu iṣẹ́ oko, bí wọ́n bá fẹ́ bá ìyá tí kò tọ́jú ọmọ wí. Olóògbé gbọ́ orin náà dàgbà. Ó kórìíra obìnrin tí kò rí rí yẹn, ó sì fi ìbínú kàwé. Ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Adó ní ọdún 1964, ó sì di tíṣà ní oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé Ọlálérè, akọ̀wé ìjọba, ọmọ Adó. Ní ilé Ọmọ́níyì, ìyàwó kì í jáde láìkúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́dọ̀ ìyá tó bí i. Bí ìyá bá ti kú, orí sàréè rẹ̀ ni yóò kúnlẹ̀ sí. Olóògbé gbà pé òun kò ní ibi tí òun yóò lọ, ó bá kúnlẹ̀ síwájú Àyọ̀kẹ́. Àyọ̀kẹ́ fà á dìde, ó tú kọ́kọ́rọ́ nídìí, ó ṣí yàrá ẹ̀yìn.

Kò sí ẹrù ọkọ kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ tí a fi ìgbẹ́ màlúù pa dán ni, àti àpótí ìjókòó kékeré kan.

Àyọ̀kẹ́ ní, “Ibí ni kí o kúnlẹ̀ sí. Ìyá rẹ kò lọ sí Góòlù Kóòsì kankan. Ọjọ́ tó bí ọ náà ló kú.”

Ní agbolé náà láyé ìgbà yẹn, obìnrin tó bá kú sórí ìkúnlẹ̀ kì í sùn nílé. Igbó ni wọ́n ń gbé e lọ, wọn kì í sunkún rẹ̀, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àyọ̀kẹ́ nìkan ló wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí bọ́.

“Wọ́n ti fi ìtìjú tì í mọ́lé,” ó wí. “Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n tún gbé e sọ sígbó. Gbogbo ulé ló wà ní ìkórè ìjọ lọ́jọ́ náà. Mo gbé ọkọ́, mo gbẹ́ ilẹ̀. Ìwọ náà mọ ìkórè wa, kì í tètè parí.”

Màmá máa ń sọ pé ibi tí òun ti ń sunkún náà ni ẹ̀rín ti pa òun.

Àyọ̀kẹ́ mú un búra lórí sàréè pé kò ní sọ ọ́ fún ará ilé kankan títí òun fúnra òun yóò fi sọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló fún un láyè láti sọ fún: Mọ́nsúrù aránṣọ ní Ọjà Ọba, Adó. Òun ni bàbá olóògbé. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ni olóògbé ń wá láyé, pé kí orúkọ ìyá òun mọ́ lójú gbogbo ìlú. Ìbúra náà sì rèé, ó dí i lẹ́nu.

Ní oṣù Kejì ọdún 1969, ó gbé aṣọ lọ sí Ọjà Ọba bí ẹni fẹ́ rán bùbá. Bàbá Mọ́nsúrù wọn èjìká rẹ̀, ó tún un wọ̀n.

“Tíṣà, ta ló bí yín? Èjìká yìí, mo ti wọ̀n ọ́n rí.”

Nígbà tó gbọ́ orúkọ Monínúọlá, ó jókòó lé aṣọ oníbàárà. Ọdún mẹ́rin gbáko ló ti fi wá a ní Kùmásì, ó ń ránṣọ, ó ń wo ojú obìnrin kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Olóògbé dì í lọ́wọ́ mú. “Bàbá, Ìgèdè ló wà. Ibi tí ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ dé kí oòrùn tó mú.”

Nígbà tí bàbá náà sunkún tán, ó ránṣẹ́ pe ààfáà. Ó ní òun kò tíì sọ ọmọ òun lórúkọ. Báyìí ni olóògbé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ìyàwó ilé, tíṣà ìjọba, ṣe jókòó láàárín ilé tí wọ́n ń sọ ọ́ ní Habeebat, tí Ràṣídátù, àbúrò rẹ̀ kékeré tí Bàbá Mọ́nsúrù bí, sì ń bèèrè pé ọmọ tuntun wo ló tóbi tó báyìí. Kò fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì ní kí ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí Iléyá kan tí itan àgbò kì í dé ilé rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀, Adó.

Olóògbé ṣiṣẹ́ ní Ìyìn, ní Ìgèdè àti ní Adó, ó sì di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1978. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ra mọ́tò ìjàpá. Gbogbo aboyún Ìgèdè tí ìrọbí bá dé bá ló mọ mọ́tò náà. Kò bèèrè ẹni tó ni oyún, Adó ló ń gbé wọn sáré lọ, sí ọ̀dọ̀ dókítà. Mẹ́rin bímọ sínú mọ́tò lójú ọ̀nà. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà jókòó síbí lónìí, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń rín.

Ní ọdún 1997, Bàbá Ọláoyè, tó ti di olórí ẹbí, fẹ́ wó ẹ̀yìn ilé kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí àwọn bíríkìlà dé, olóògbé ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó ń máàkì ìwé ìdánwò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó síbẹ̀.

Bàbá Ọláoyè bínú. “Dùnmínínú, ilé tí ìyá rẹ sá kúrò nínú rẹ̀, kí ló kù fún ọ níbẹ̀?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ìwé kíláàsì márùn-ún ló kù.”

Kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Àyọ̀kẹ́ ń gbọ́ nínú ilé. Ní ọjọ́ kẹta, ó tẹ ọ̀pá jáde, ó dúró láàárín àwọn bíríkìlà.

“Ọláoyè, kò sá. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta rèé tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí. Èmi ni mo sin ín, èmi náà ni mo ní ó sá lọ. Bí ẹnì kan bá jẹ̀bi, èmi ni. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n, mo ní kó dákẹ́, ó dákẹ́.”

Bàbá Ọláoyè ṣí fìlà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní kí àwọn bíríkìlà máa lọ. Ó wọlé lọ gbé Bíbélì ilé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sójú ibi tí abẹ ti ha.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìgèdè ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ẹ rántí. Wọ́n lu agogo ìjọ fún Monínúọlá Ọmọ́níyì. Àwọn mùsùlùmí wá láti Adó, Bàbá Mọ́nsúrù sì gbé aṣọ funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ yàrá náà. Wọ́n gbé àwòrán Monínúọlá yí ìlú ká, ní oríta kọ̀ọ̀kan Bàbá Ọláoyè dúró, ó ń sọ ọ́ ketekete pé: “Monínúọlá kò já ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.” Àwọn ìyá tó kọ orin ọjọ́sí fi ẹnu ara wọn yí i padà kí wọ́n tó dé ọjà. Olóògbé jó títí bàtà rẹ̀ fi já.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2000, ó di Ìyá Ìjọ ní ọdún 2004. Ọkọ rẹ̀ sinmi ní ọdún 2011. Òun náà sùn ní àlàáfíà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 2025, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ìfẹ́ rẹ̀ ni pé kí a sin òun sí Ìgèdè. Àwọn ẹbí Ọlálérè ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kọ́kọ́ le. Lẹ́yìn ìpàdé méjì, àgbà wọn dìde, ó ní: “Ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ọkọ rẹ̀ ti bá a gbé ní ọdún méjìlélógójì. Ìyá rẹ̀ kò bá a gbé ní ọjọ́ kan.” Nítorí náà ni a ṣe wà ní ilé Ọmọ́níyì lónìí, tí a ti yọ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kúrò pátápátá.

Ó fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Ayọ̀mídé, Olúwarótìmí àti Olúwadámiláre, ó fi àbúrò rẹ̀ Alhaja Ràṣídátù, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀. Àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà ń jẹ́ Monínúọlá.

Màmá wa, tíṣà wa, ẹ lọ rọra sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bí yín. Kí ilẹ̀ Ìgèdè dẹ̀ fún yín. Ẹ sùn ún re o.

Màmá Àyọ̀kẹ́ ló sọ ìtàn yìí fún olóògbé ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀. Olóògbé sọ ọ́ fún Ayọ̀mídé àkọ́bí rẹ̀, Ayọ̀mídé sì sọ ọ́ fún Pamílẹ́rìn ọmọ Olúwarótìmí, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.