Ẹni Tí Ó Fi Aláàárù Sórí Àga Ọlọ́lá: Màmá Winifred Abọ́sẹ̀dé Candido, 1943–2024

Ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 1943 ni a bí Màmá ní Olówógbowó, sínú ìdílé Metcalfe. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn. Ìyá wọn a máa rán aṣọ ìyàwó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá yìí ni Màmá ti mọ bí aṣọ ẹtù ṣe ń wálẹ̀ léjìká àti bí àrán ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀.

Wọ́n kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà ní Yábàá, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Raymond Candido ní ọdún 1968. Ilé ọkọ wọn ní Pópó Àgùdà ni àwọn èèkàn ìlú ti ń wá kí Màmá lè fi ọ̀dà ya àwòrán wọn. Àga ńlá tí bàbá Màmá gbẹ́ ni wọ́n ń jókòó lé. Ẹni tí a bá ti rí lórí àga yẹn, Èkó mọ̀ pé ó ti dé ipò ọlá.

Ní ọdún 1981, Afusat, opó kan láti Ìsàlẹ̀ Gángan, mú fọ́tò ọkọ rẹ̀ wá. Aláàárù ni ọkùnrin náà ní Ìdúmàgbò kí ó tó kú.

“Mà, ẹ bá mi wọ agbádá fún un.”

Màmá béèrè bóyá ó ní ọ̀kan rí.

“Kò ní, mà. Àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ń dàgbà. Mi ò fẹ́ kí ojú bàbá wọn máa tì wọ́n.”

Màmá yà á sórí àga ńlá, nínú agbádá ẹtù. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọn kò tún ṣe; ọwọ́ ẹni tó ru ẹrù ni.

Kí ọ̀dà tó gbẹ, olóyè kan wọlé, ẹni tó fẹ́ kí Màmá ya gbogbo àgbà ilé rẹ̀. Ó dá ojú ọkùnrin náà mọ̀.

“Ẹni tó ń ru ìgàn aṣọ mi lẹ gbé sórí àga tí mo jókòó lé? Ẹ pa á rẹ́, àbí kí n gbé iṣẹ́ mi lọ.”

Owó iṣẹ́ náà ni Màmá gbójú lé láti fi tún òrùlé tó ń jò ṣe. Síbẹ̀ wọ́n dáhùn jẹ́ẹ́ pé, “Olóyè, àga bàbá mi ni. Àlejò mi ló sì jókòó lé e.”

Olóyè bínú lọ. Òjò ọdún náà rọ̀ wọlé; Ọ̀gbẹ́ni Raymond ń fi tapólì bo àwòrán, kò sì dá ìyàwó rẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Afusat gbé àwòrán náà kọ́ ògiri, Ìsàlẹ̀ Gángan sì rọ́ wá wò ó. Kò pẹ́ tí àwọn alágbàfọ̀, apẹja àti télọ̀ fi ń wá bẹ Màmá kí wọ́n ya òbí tiwọn. Àkọ́bí Afusat, tó ti di olùkọ́ báyìí, sọ fún Màmá pé iwájú àwòrán náà làwọn ti máa ń kí bàbá àwọn láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá. Màmá sunkún ayọ̀.

Nínú ìjọ Àgùdà, Màmá kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ títí agbára wọn fi dínkù. Àwọn ọmọ wọn, Patience àti Ọlámilékan, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, ló gbẹ̀yìn wọn.

Abọ́sẹ̀dé, ọmọ Metcalfe, aya Candido, iṣẹ́ ọwọ́ yín ń bẹ lára ògiri Èkó. Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún yín. Ẹ sùn un re o.