Etíkun Mẹ́ta àti Orúnkún Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́, àti àwọn ọ̀gá yín tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ sinmi? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìjókòó ayọ̀, kí ó má bá yín nílé ìwòsàn tàbí nídìí ẹjọ́. Àwa náà wà, a sì ń dúpẹ́. A ti dé láti erékùṣù tí o rán wa lọ, àwa méjèèjì la sì padà dé. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo gbọ́ pé onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti pè ọ́ lórí fóònù pé ìyá rẹ kó sómi. Òótọ́ ni, ó kó sómi, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ó ṣe sọ ọ́. Màá ṣàlàyé.

Ilé dára. Adìẹ pupa ti pa ọmọ mẹ́jọ. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, ibi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀ náà ni, kò tíì wá ibòmíràn. Onígbàjámọ̀ tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ kó máa bá wa ṣọ́ ilé, ṣe ló gbé àga rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa, tó ń gẹrun fún àwọn oníbàárà níbẹ̀, ó ní fáànù wa tutù ju tòun lọ. Ìyá rẹ bá irun nínú ìkòkò iyọ̀. Mi ò bá a jà, nítorí ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ wo ẹja tí kò ní jẹ, kí ló fẹ́ sọ?

O ní kí n sọ èyí tó dára jù nínú etíkun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ìwọ àti ọkọ rẹ lè mọ èyí tí ẹ máa lọ. Ó dáa, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òtẹ́ẹ̀lì. Wọn ò fún wa ní kọ́kọ́rọ́, káàdì pẹlẹbẹ ni. Mo ní kí wọ́n má bínú, mi ò fẹ́ gba owó ní báńkì, ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ ṣí. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ní ilẹ̀kùn náà ni òun ń sọ. A wọlé, a ti káàdì bọ inú ihò kan lára ògiri, iná tàn. Nígbà tí a fẹ́ jáde, mo yọ ọ́, iná kú. Àánú wọn ṣe mí. Ilé ńlá bẹ́ẹ̀, lórí káàdì tèmi ni iná wọn dúró lé! Mo dá a padà sínú ihò, mo fa ilẹ̀kùn dé, kí n má baà kó gbogbo wọn sí òkùnkùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n wá bá wa ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì gbọ́ kí ẹnì kan dúpẹ́.

Etíkun àkọ́kọ́ wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì gan-an. Iyanrìn rẹ̀ funfun, ó kúnná bí ìyẹ̀fun tí wọ́n jọ̀. Mo bù ú, mo fi ọwọ́ ra á, kò lè ṣe búlọ́ọ̀kù, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àwọn èèyàn sùn lọ rẹpẹtẹ nínú oòrùn bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo bi ọkùnrin kan pé ṣé ara rẹ̀ kò yá ni, ó ní òun ń sinmi ni, mo ní ṣé kò ní bẹ́ẹ̀dì ni, ó bá fi aṣọ ìnura bojú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún wa ní dígí tí wọ́n ń dè mójú àti páìpù rọ́bà kan tí wọ́n ń dè mẹ́nu, pé kí a máa fi mí bí a bá dojú bolẹ̀ nínú omi. Èmi kọ́kọ́ rò pé fóònù ni. Mo kí i títí, kò dáhùn. Omi ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹja méjì péré la rí, ìyá rẹ ní ó dà bíi pé wọ́n rán wọn wá kí wa káàbọ̀ ni.

Ọjọ́ kejì, wọ́n fi mọ́tò gbé wa lọ sí ìkejì. Àpáta ló pọ̀ níbẹ̀, ẹja sì pọ̀ láàárín rẹ̀, oríṣiríṣi àwọ̀, bí àjákù aṣọ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn òkúta méjìlélọ́gọ́ta lèèyàn máa sọ̀ kó tó débẹ̀. Ìwọ náà mọ orúnkún ọ̀tún ìyá rẹ, láti ìgbà tó ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ ni kò ti ká dáadáa mọ́. Ó sọ̀ mọ́kànlá, ó jókòó. Ó ní kí n máa lọ, kí n lọ wò ó wá, kí n wá sọ fún òun. Mo lọ. Mo wò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, báwo lèèyàn ṣe ń ròyìn ẹja? Nígbà tí mo gòkè padà, mo ní wọ́n pupa rúsúrúsú, wọ́n sì pọ̀. Ó wò mí, ó ní ṣé ìyẹn nìkan ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú egungun.

Bí a ṣe dé òtẹ́ẹ̀lì, mo lọ bá ọmọbìnrin ìdí tábìlì, mo ní ṣé kò sí ibi tí ẹni tí orúnkún ń dùn ti lè rí ẹja láìrìn. Ó ní ìkẹta nìyẹn, láàárín òkun tó dojú kọ etíkun rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ló ń gbéni lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ omi nìkan ni, kí n kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti ń wọ omi. Mo kọ ọ́ pé mọ́kànlélógójì. Wọ́n ní ibo ló jìn jù tí mo ti dé. Mo kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ bàtà àádọ́rin. Wọ́n ní irinṣẹ́ wo ni mo lò. Mo kọ ọ́ pé okùn àti korobá. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kò sí kànga tí mi ò gbẹ́. Nígbà tó kan ti ìyá rẹ, mo kọ ọ́ pé ohun tí ọkọ mọ̀ ni ìyàwó mọ̀. Ọmọbìnrin náà kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó dìde dúró, ó lu fọ́ọ̀mù ní òǹtẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, awakọ̀ ojú omi fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń pè mí ní ọ̀gá. Ó pín jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà kan, kò fún àwa, ó ní ìwọ̀sí ni yóò jẹ́. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, mo yọjú wo omi. Ọmọ mi, kànga ní ògiri. Bó ti wù kó jìn tó, o máa na ọwọ́, o máa kan ilẹ̀. Èyí kò lógiri, kò nísàlẹ̀. Mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí ojú ò fi ní tì mí níwájú àwọn ọmọ kékeré yẹn, ni mo gbọ́ gbàmù! Ìyá rẹ ti de dígí, ó ti bọ́ sómi. Nígbà tó yá ló ní bí òun ò bá mọ omi, ṣé wọ́n á lu òǹtẹ̀ ni?

Mo ké, ọmọ mi. Mo ké pé kànga ni, pé agbẹ́kànga ni mí, pé kò sẹ́nì kan nínú wa tó mọ̀wẹ̀. Awakọ̀ wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí, ó bẹ́ sómi pẹ̀lú rọ́bà roboto tó ń léfòó, bíi táyà. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti fi í sí ìyá rẹ lábẹ́ apá, ó ju okùn rẹ̀ sí mi. Ìyá rẹ wúkọ́, ó pọ omi jáde. Mo ní kí wọ́n fà á wọlé. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má fa òun. Ó ti páìpù bọ ẹnu, ó dojú bolẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ìjàpá òkun kan, ó tó ọpọ́n ìfọṣọ, gba abẹ́ rẹ̀ kọjá jẹ́ẹ́jẹ́, ìyá rẹ sì ń tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Orúnkún ọ̀tún yẹn ń ká, ó ń nà, bí ìgbà tó ṣì ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ nílé bàbá rẹ̀, tí èmi ń gba iwájú fèrèsé kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́ láìní ibi tí mò ń lọ. Mo di okùn mú. Mi ò rí ẹja kankan lọ́jọ́ náà, orúnkún ni mò ń wò.

Àwọn ọ̀dọ́ ti gòkè, wọ́n ti jẹ búrẹ́dì wọn tán, kí ó tó gbà ká fa òun. Ó jókòó, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ó wò mí, ó ní mo ṣe olóòótọ́, wọ́n pupa rúsúrúsú, wọ́n sì pọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi okùn sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ sùn, àkọ́kọ́. Bí orúnkún yín bá ṣì dára, ìkejì. Ìkẹta ló dára jù, ṣùgbọ́n ẹ kọ òótọ́ tí òkun mọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kì í ṣe òótọ́ tèmi. Nígbà tí a ń lọ ilé, wọ́n ní kí n fún etíkun kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Mo sọ fún wọn pé ìràwọ̀ kò sí níkàáwọ́ mi.

Ọmọ mi, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí a dé tí orúnkún tún le gan-an. Nọ́ọ̀sì ní omi ló ń bá a gbé ẹrù ara, pé adágún ìwẹ̀ kan wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nílùú kejì, wọ́n ń ṣí i fún àgbàlagbà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Jọ̀wọ́, fi owó mọ́tò àti owó ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́, ti èèyàn méjì, nítorí èmi náà fẹ́ kọ́ ìwẹ̀, mi ò fẹ́ máa dúró sẹ́bàá omi. Fi owó aṣọ ìwẹ̀ sí i fún ìyá rẹ, ṣòkòtò iṣẹ́ mi ló wọ̀ lọ sókun.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Kí a tó lọ, mo sọ níwájú èèyàn mẹ́rin pé ọmọ mi ń da owó sómi. Níjẹta, mo wá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ọ̀kan nínú wọn ń fọ ẹnu, mo dúró títí ó fi fọ̀ ọ́ tán.

Ohun tí o ṣe fún wa, ojú rẹ yóò rí èrè rẹ̀. Ìwọ àti ọkọ rẹ yóò dàgbà pọ̀, ọ̀kan ò ní di àgbà kí ó wá ẹnìkejì tì. Wàá bí ọmọ tí yóò rò ọ́ bí o ṣe rò wá. Àṣẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.