Ọmọ Ẹ̀yìn Yín Tí Kì Í Sunkún

Màámi ọ̀wọ́n, olólùfẹ́ jìtá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa yínmú sí mi, pé irú ọjọ́ mẹ́ta wo nìyẹn, àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ sí ibi tí ẹ wà. Ilé wà dáadáa. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Mo gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn adìẹ aládùúgbò sì ti jẹ ẹ́ tán pátá. Mo bú wọn bí ẹ ṣe máa ń bú wọn, wọn ò dá mi lóhùn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú: ohùn yín ti ń kúrò létí mi. Mo ṣì ń rí ojú yín bí mo bá dijú. Mo mọ bí ẹ ṣe ń rìn, mo mọ bí ẹ ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn nígbà tí ọwọ́ yín bá kún. Ohùn yín ni mi ò rí mú mọ́. Bí mo bá ní kí n gbọ́ ọ, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Fóònù tí mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ ránṣẹ́ sí mi sí ti bọ́ sínú kànga lọ́dún tó kọjá. Mo sunkún fóònù yẹn débi pé àwọn ará ilé rò pé ẹnìkan ló tún kú.

Ẹ sì wo nǹkan, Màámi! Obìnrin tó gba ohùn ẹlòmíì sílẹ̀ káàkiri gúúsù Èkìtì, kò sẹ́ni tó gba tirẹ̀ pamọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé páálí kásẹ́ẹ̀tì yín sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Mo ní bóyá ẹ gbàgbé ara yín, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ nínú ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré, ìyẹn náà á tó mi.

Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tó máa gbà mí gbọ́? Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bíi tiyín, ẹni tó ń na ọmọ ọlọ́mọ torí pé ó jí ẹfun, òun náà ló ń jí orin kó lọ́sàn-án gangan! Kí wọ́n tó bí mi lèyí o. Ẹgbẹ́ Ìjì ló gbòde nígbà náà, àwọn géńdé ará Ìsẹ̀ tí wọ́n dá irun sí bàǹbà, tí wọ́n ń ta jìtá oníná, tí wọ́n ń fi èdè Èkìtì kọ orin rọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá ṣeré ní Ẹmùré lọ́sàn-án Sátidé, ẹ ti débẹ̀. Bó jẹ́ Ìgbàrà-Odò ni, ẹ ti débẹ̀. Bọ̀dá Fọlá, olórí wọn, kò fẹ́ rí tépù tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ sójú rárá. Ó ń retí àtilọ ṣe àwo l'Ékòó, kò sì fẹ́ kí orin rẹ̀ ti sú aráyé kí àwo tó jáde. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń tú báàgì, wọ́n ń ṣí abọ́ oúnjẹ, wọ́n tiẹ̀ ṣí fìlà Bàbá wò lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ tú ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ wò? Ní ilẹ̀ Èkìtì wa níbí? Kí ẹnìkan ní kí abiyamọ sọ ọmọ tó ń sùn kalẹ̀, kí òun lè mọ̀ bóyá ọmọ ni lóòótọ́? Wọ́n á bú u títí kan ìran rẹ̀. Ẹ̀yin kàn pọn tépù ni. Ẹ wé e sínú ṣọ́ọ̀lù, ẹ dé e ní fìlà òtútù, ẹ fi ọ̀já gbà á dáadáa, ẹ wá ń mi ìdí bọ̀ níwájú àwọn onílẹ̀kùn. Bàbá tó fi máṣíìnì gbé yín wá á sì pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Rọra o, kó má jí!” Ẹ̀yin náà á ní, “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.” Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ẹ ò mà níbẹ̀rù!

Ohun tí ẹ máa ń fò nínú ìtàn yìí ni pé ẹ ò tíì bímọ rárá nígbà náà. Ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ọmọ sì ń pọ́n yín lójú. Mo ti dàgbà kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Obìnrin tí wọ́n ń yọ́ ikùn rẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló ń gbé irin pọ̀n lọ sáàárín èrò lọ́jọ́ Sátidé. Bí ọ̀já bá tú ńkọ́? Bí ẹni tó mọ̀ yín bá rí yín ńkọ́, kó lọ máa wí kiri pé àìrọ́mọbí ti dà yín lórí rú? Ṣé orin yẹn ló dùn tó bẹ́ẹ̀, àbí ẹ kàn fẹ́ mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń rí bí nǹkan bá wà lórí rẹ̀? Mi ò bi yín nígbà tí ẹ wà láyé, ó sì ń dùn mí. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí mo bá gbọ́ òwe yẹn, ẹ̀yin ni mo ń rí.

Tépù yín ti kú, eku ti bímọ sínú rẹ̀. Oníṣẹ́ rédíò kan l'Ádó ló bá mi tún òmíràn ṣe. Ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì yín ló ti hu funfun, ẹyọ kan péré ló fọhùn. Ẹ ẹ̀ rí bó ṣe mọ́ gaara! Jìtá ń dún, ìlù ń rọ́, Bọ̀dá Fọlá ń ké bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ wọ̀ lẹ́wù, pa-pa, pa-pa tí a mọ̀ láti kékeré sì wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ rántí pé àwa ọmọ yín máa ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e? A rò pé onílù wọn ló ń lù ú. Ohùn yín ni mi ò gbọ́. Kò tíì dé ìdajì tí tépù ọ̀hún fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa kásẹ́ẹ̀tì jẹ, mo bá sáré pa á.

Mo rò ó pé bó bá máa já, kó já lójú ẹni tó ni ín. Ẹgbẹ́ Ìjì kò ráyè ṣe àwo títí wọ́n fi tú ká, ẹ mọ̀. Ohun tí ẹ jí lọ́wọ́ wọn nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn láyé. Mo gbé tépù lé itan nínú ọkọ̀, ó di Ìsẹ̀.

Bọ̀dá Fọlá yín ti darúgbó, irun tó dá sí ọjọ́sí kò ku ẹyọ kan. Ó ń tú kòkó ká sínú oòrùn nígbà tí mo dé. Mo rò pé ó máa bínú sí òkú ìyá mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì ní ṣeé gbọ́ fún mi. Mo kí i, mo sọ ohun tí mo gbé wá, mo tẹ bọ́tìnnì. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí orúnkún bíi pé jìtá wà níbẹ̀. Lójijì ló fajú ro.

“Ta ló ń lu kiní yìí? A ò ní irú ìlù báyìí nínú báǹdì wa.”

Mo bá ní kí n jẹ́wọ́ fún un, mo sọ ti ọ̀já, mo sọ ti fìlà òtútù. Háà! Bàbá yìí fò dìde!

“Ìyá ọmọ adití! Ìyá rẹ nìyẹn? Gbogbo ibi tí a bá ti ṣeré ni mo ti ń rí i níwájú, ọmọ rẹ̀ kì í sì í sunkún. Mo ní ọmọ yìí kò gbọ́ràn ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí tó jẹ́ pé mo máa ń ní kí wọ́n yí sípíkà kúrò lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀!”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ìdí tí orin náà fi mọ́ gaara nìyẹn, Màámi. Àánú tí wọ́n ń ṣe fún irin! Ó ní olè tó gbọ́n tó yín, òun ì bá ti fi ṣe mánéjà. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín bíi tirẹ̀, torí pa-pa yẹn ti yé mi. Ọwọ́ yín ni. Ẹ ń gbá tépù nídìí bí ìyá ṣe ń rẹ ọmọ. Ẹ ti kọjá àwọn onílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń wò yín mọ́. Kí lẹ tún ń rẹ̀ ẹ́ fún?

Orin ìkẹyìn parí, èrò ń hó yèè. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ibẹ̀ gan-an lẹ máa ń pa á sí, ẹ kì í jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Fọlá kò mọ̀, ó fi í sílẹ̀. Ohùn ìyá àgbà kan bá jáde nítòsí.

“Ọmọ yìí mà ń sùn o! Gbogbo ariwo yìí kò jí i?”

“Bó ṣe ń ṣe ní ulé náà nìyẹn, mà. Oorun niṣẹ́ rẹ̀.”

Màámi! Ẹ̀yin ni! Ohùn náà tín-ín-rín ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ẹ̀rín sì ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń gbé mì. Ẹ tilẹ̀ pe ilé ní ulé, bí ẹ ṣe máa ń pè é bí ẹ bá ti bọ́ aṣọ tíṣà. Mo di apá àga mú.

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

Mo gbọ́ ẹnìkan tó ń yí okùn jìtá lókèèrè. Lẹ́yìn náà lẹ wá sọ ọ́. Orúkọ mi ni. Odindi rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń fi pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Wọn kò tíì bí mi, Màámi, ẹ ò tíì lóyún mi pàápàá.

Kí n tó mọ̀, mo ti jẹ́ ẹ. “Mà!” Mo pariwo débi tí Bọ̀dá Fọlá fi bojú wẹ̀yìn.

Ìyá àgbà ọ̀hún ní, “Yóò yè fún ọ. Òun ni yóò gbẹ̀yìn rẹ.”

Ẹ ní, “Àmín.” Jẹ́jẹ́ lẹ sọ ọ́, ẹ̀rín ti kúrò nínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì sì tán.

Àmín yẹn ṣẹ o, Màámi. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ sí yín lórí.

Ẹ bá mi kí Bàbá.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ pọ̀n kó tó dé.