Ohùn Tí Ariwo Jórinjórin Bò Mọ́lẹ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìkúnlẹ̀ ló yẹ kí n fi kí yín, ṣùgbọ́n orí ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹ bá mi kí Bàbá, bí wọ́n bá gbà. Kí Ẹ̀gbọ́n Ràfíù ka lẹ́tà yìí sókè fún gbogbo ilé.

Oyún inú mi ṣì wà, a dúpẹ́. Nítorí àwọn tó ti bàjẹ́ ṣáájú, dókítà ní n kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí n óo fi bí. Yàrá wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Mọ́kọ́lá ti di gbogbo ayé mi. Páànù orí ilé ń yan mí. Bí Délé ọkọ mi bá ti lọ síbi iṣẹ́ ní Bódìjà, ilẹ̀kùn á pa dé, ó di ìrọ̀lẹ́. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn nísàlẹ̀, á sì máa ṣe mí bíi kí n gba ojú fèrèsé jáde.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ohùn yín sí, tí ẹ fi rán onímọ́tò Ṣakí, dé ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n àwọn jórinjórin wà lábẹ́ ilé wa, iná kan náà la jọ ń lò. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sípíkà wa á máa hó, á máa ta pàràpàrà, n kò ní gbọ́ ju “ọmọ mi” lọ. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kò gba bátìrì. Bí wọ́n bá sì ṣíwọ́, ìjọba á ti mú iná lọ.

Délé fẹ́ ra sitabiláísà ńlá bíi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ní kó rọra: ìyẹn wà fún iná tó bá ń lọ sókè sódò, ariwo ló ń yọ tiwa lẹ́nu. Ní Dùgbẹ̀, wọ́n fi fílítà iná hàn án, àpótí kékeré tó ń sẹ́ ariwo kúrò kí iná tó wọ ẹ̀rọ. Agbára rẹ̀ kò ká èyí tó wọ́n jù, ló bá gbé èyí tó rọ̀ jù lówó wálé. Kò ní fíúsì tó ń já bí iná bá pọ̀ jù, kò ní wáyà ilẹ̀ tó ń darí iná tó bá ṣìnà sínú ilẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Mo bi í pé bí iná bá sọ, èmi tí n kò gbọdọ̀ sáré, ibo ni kí n gbà? Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ojoojúmọ́ tí òun bá ń fa ilẹ̀kùn yẹn dé ni ẹ̀rù ń ba òun. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó dá a padà, ó fowó díẹ̀ lé e, ó mú èyí tó wà láàárín, tó ní fíúsì àti wáyà ilẹ̀. Ọlọ́jà gbà pé bí kò bá ṣiṣẹ́, kó dá a padà.

Kò pa gbogbo ariwo náà o, ó ṣì ń kùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn jórinjórin ṣe ń jó irin lọ́wọ́, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín délẹ̀. Mo tún gbọ́ ohùn mìíràn lẹ́yìn tiyín. Ọkùnrin kan wúkọ́, ó ní kí ẹ bi mí bóyá mò ń jẹun. Màámi, Bàbá ni! Bàbá tí wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn, mo tún un gbọ́, mo tún dá a padà. Délé náà gbọ́ ọ, ó kọjú sí ògiri.

N kò tíì lè jáde. Ooru kò dín, ilẹ̀kùn ṣì ń pa dé láràárọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fọwọ́ gba ọmọ yìí láyọ̀. Mo kí tọmọdé tàgbà ilé wa. Ẹ sọ fún Bàbá pé mò ń jẹun.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sìdíkátù