Ọjọ́ Tí Mo Wá Alágbàtọ́ fún Kẹ́hìndé ní Sàró

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá níbi tí mo wà yìí, bí ilẹ̀ ọkọ̀ tilẹ̀ ń mì lábẹ́ mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Àbígẹ́ẹ̀lì àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ìwọ Sámúẹ́lì, àbúrò mi tí o ń ka ìwé yìí sókè fún wọn, má fo ibì kankan. Mo mọ̀ ọ́.

Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Èkó ni n kò ti lè jókòó pẹ́. Bí mo bá wà ní yàrá, mo ń fẹ́ jáde. Bí mo bá gòkè, omi nìkan ni mo ń rí, mo tún sọ̀ kalẹ̀. Àwa méjì la wà ní yàrá: èmi àti ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní ìlú òyìnbó. Kò tíì dé ilé ẹ̀kọ́, ó ti ní kí a máa pe òun ní Lọ́yà. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í fi rẹ́rìn-ín, nítorí náà ni n kò ṣe lè ṣí àpótí mi níwájú rẹ̀.

Ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó bá yín jókòó gbọ́ ìwé yìí tí wọn kò mọ ilé wa, kí wọ́n gbọ́ pé ìbejì ni wọ́n bí mi, pé Kẹ́hìndé kú kí ó tó mọ ìrìn, wọ́n sì gbẹ́ ère rẹ̀, bí a ti ń ṣe ní Ìlá. Ìyá mi ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, wọn kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Nígbà tí mo ń bọ̀, Ìyá, ẹ ní ọ̀kan nínú ìbejì kì í ré òkun kọjá kí ó fi èkejì sílé. Bàbá ní igi ni igi ń jẹ́, wọ́n bínú jáde. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọ́n ní kí n fi í sábẹ́ àwọn ìwé mi, kí ó má baà ṣẹ́.

N kò mọ ohun tí mo gbà gbọ́. Ìwé tí mo kà kọ́ mi bí a ti ń béèrè, kò kọ́ mi bí a ti ń dáhùn. Bí igi bá ni, kí ló dé tí n kò lè jù ú sómi? Bí kì í bá sì í ṣe igi, ta ni yóò se ẹ̀wà fún un nínú òtútù ìlú òyìnbó?

Ohun tí mo ń rò nìyí nígbà tí a dé Sàró. Ọkọ̀ ńlá dúró lójú omi, ọkọ̀ kékeré ló gbé wa dé èbúté, wọ́n ní kí a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fi Kẹ́hìndé sí àpò inú kóòtù mi. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àkú, tí a kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú láti ilẹ̀ wa. Mo ní n ó wá ọ̀kan nínú wọn tí yóò bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n ó fi padà.

Mo gun àtẹ̀gùn òkúta láti èbúté lọ sínú ìlú. Òkè ló yí wọn ká, òjò ibẹ̀ kì í sì í kìlọ̀ kí ó tó rọ̀. Mo rí ilé onípákó alájà méjì, mo rí igi àràbà ńlá kan láàárín ìgboro, mo rí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín ọjà kọjá bí ẹni ń lọ ra iyọ̀. N kò dúró ti ọ̀kankan. Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ojú tì mí, mo yà.

Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni ìyá àgbà kan ti ń din àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ sì wà nínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni òun náà ń pe mọ́ínmọ́ín, bíi tiwa ní Ìlá. Mo dúró tì í títí. Ó bi mí ní Yorùbá àtijọ́ pé ṣé mo fẹ́ rà ni, àbí ojú òun ni mo fẹ́ wò yó. Ó ní Ìyátúndé ni orúkọ òun.

Mo mú Kẹ́hìndé jáde. Ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbà á. Ó ní òun náà bí ìbejì, ọ̀kan ń ṣe akọ̀wé, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ó gbà láti tọ́jú rẹ̀, ó ní ṣùgbọ́n wọn kì í gba ọmọ ọlọ́mọ láì béèrè ìwà rẹ̀. Kí ni a fi ń kun ara rẹ̀? Mo ní osùn. Kí ló ń jẹ? Mo ní ẹ̀wà ni, epo kí ó pọ̀, ata kí ó má sí i. Apá ibo ló ń sùn sí? Mo ní apá òsì ìyá wa. Ẹnu mi ń dáhùn kí ọkàn mi tó dé ibẹ̀. Ìyá, mo rò pé ìwé ni mo ń kà ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń ṣe nǹkan wọ̀nyí. Ó wá bi mí nípa orin tí ẹ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo mú un bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà. Ó ní kò burú. Ó fi gèlè wé e, ó gbé e sí àyà, mo dúpẹ́, mo lọ.

Kóòtù mi fúyẹ́. Ó fúyẹ́ débi pé mo ń fọwọ́ kàn án ṣáá. Ní èbúté mo ra ọsàn, ìgbà tí mo wo ọwọ́ mi, méjì ni mo rà. Lọ́yà ti wà nínú ọkọ̀ kékeré, ó ń pariwo pé ṣé mo ti gbé ìyàwó Sàró ni. Mo yí padà, mo sáré gun àtẹ̀gùn náà nínú òjò.

Kò ya ìyá náà lẹ́nu. Ẹ̀wà ti ń hó lórí iná. Ó ní bí mo ti yí ẹ̀yìn padà ni òun gbé e kaná, nítorí òun mọ̀ pé ebi ń pa ọ̀kan, èkejì yóò sì wá mú ìpín tirẹ̀. Ó ní òun lè gba ọmọ tọ́, ṣùgbọ́n òun kì í gba ààbọ̀ ènìyàn. Mo ní ọkọ̀ ń lọ. Ó ní ọkọ ọmọ òun ló ń tu ọkọ̀ kékeré náà, kò tó bẹ́ẹ̀ kí ó fi mí sílẹ̀. Mo jókòó, mo jẹ, ó fi díẹ̀ kan Kẹ́hìndé lẹ́nu, ó di àkàrà fún wa, mo sì gbé Kẹ́hìndé padà sínú kóòtù mi.

Nígbà tí a dé yàrá, mo gbé Kẹ́hìndé sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, mo gbé àkàrà síwájú rẹ̀. Lọ́yà wọlé, ó wò ó. Mo ń retí ẹ̀rín. Ó bi mí pé ta ló ni àkàrà. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní nílé àwọn, ọmọdé ló ń jẹ èyí tí ìbejì bá jẹ kù, òun sì ni àbúrò nínú yàrá yìí. Ó jẹ ẹ́ tán.

Bàbá, ẹ má bínú. N kò tíì mọ ohun tí mo gbà gbọ́. Ìyá, bí ẹ bá wo igun yàrá yín tí ó ṣófo, ẹ má sunkún, ó ti jẹun. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀: ẹ kọ orin náà fún Sámúẹ́lì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní òru ibi tí à ń lọ gùn.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá wa kí gbogbo agboolé, ẹ bá wa kí àwọn ọmọ ilé ìwé tí mo ń kọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwa ọmọ yín,
Táíwò àti Kẹ́hìndé